Heritage tàbí Fraser? Àyẹ̀wò òṣùwọ̀n méjì tí ayé fi ń wọn òmìnira ọrọ̀-ajé

Ẹ jẹ́ ká mú orílẹ̀-èdè kan tí ọ̀wọ́ngógó ọjà rẹ̀ jẹ́ ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Bí ẹ bá gbé e lé òṣùwọ̀n Heritage, máàkì tí yóò gbà lórí ọ̀wọ́ngógó jẹ́ 60 nínú 100, tí ìjọba ibẹ̀ kò bá ti fi òfin de iye owó ọjà. Bí ẹ bá gbé orílẹ̀-èdè yìí kan náà lé òṣùwọ̀n Fraser, 2 nínú 10 ni yóò bá bọ̀. Ẹni tó ka ti àkọ́kọ́ yóò ní ìlú náà ń rọ́nà gbé e gbà. Ẹni tó ka èkejì yóò ní ó fìdí rẹmi. Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú àwọn méjèèjì. Ọ̀nà ìṣirò ló yàtọ̀, ibi tó ti yàtọ̀ gan-an sì ni olùlò gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó fi nọ́ńbà kankan sínú ìwé ìwádìí, ìròyìn tàbí ìpinnu ìdókòwò.

Heritage Foundation, àjọ olùwádìí tó wà ní Washington ní Amẹ́ríkà, ló ń ṣe Index of Economic Freedom. Ọdún 1995 ni ẹ̀dà àkọ́kọ́ jáde, ìwé ìròyìn Wall Street Journal sì bá wọn lọ́wọ́ sí i. Fraser Institute tó wà ní Vancouver ní Kánádà ló ń ṣe Economic Freedom of the World, tí ẹ̀dà àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní 1996. Ti Fraser pẹ́ lórí iná kó tó jinná. Láti 1986 títí dé 1994 ni Michael Walker, olùdarí Fraser nígbà náà, àti Milton Friedman, gbajúmọ̀ onímọ̀ ọrọ̀-ajé ọmọ Amẹ́ríkà, fi ń pe àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé jọ sí àpérò lẹ́yìn àpérò, kí wọ́n lè fẹnu kò lórí ohun tó yẹ ní wíwọ̀n àti bí a ó ṣe wọ̀n ọ́n. James Gwartney, Robert Lawson àti Walter Block ló wá kó èsì rẹ̀ jọ.

Àjọ méjèèjì ní èrò tí wọ́n ń polongo, wọn kò sì fi pamọ́: wọ́n fẹ́ kí ìjọba má ki ọwọ́ bọ ọjà ju bó ṣe yẹ lọ. Olùlò gbọ́dọ̀ rántí pé èrò yìí ti wà nínú ìṣirò kí nọ́ńbà orílẹ̀-èdè kankan tó wọlé. Ìnáwó ìjọba ń dín máàkì kù, ìbáà jẹ́ ilé ìwòsàn ni wọ́n fi owó náà kọ́, ìbáà jẹ́ ààfin. Ẹni tí kò bá fara mọ́ èyí ṣì lè lo àwọn òṣùwọ̀n náà dáadáa, ṣùgbọ́n ó ní láti mọ ẹ̀ka tí yóò yọ kúrò. A ó dé ibẹ̀.

Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Ẹ lè gba fáìlì Excel wọn láti orí ìkànnì àwọn àjọ náà láìsan kọ́bọ̀.

Inú Heritage

Ẹ̀ka 12 ló ní, tí wọ́n pín sábẹ́ òpó mẹ́rin. Lábẹ́ òfin ni a ti rí ẹ̀tọ́ sí ohun-ìní, bí ilé-ẹjọ́ ṣe ń ṣiṣẹ́ sí, àti bí ọwọ́ ìjọba ṣe mọ́ sí. Lábẹ́ ìwọ̀n ìjọba ni ẹrù owó-orí, ìnáwó ìjọba àti ìlera àpò ìjọba wà. Òpó kẹta kó òmìnira okòwò, òmìnira iṣẹ́ òṣìṣẹ́ àti òmìnira owó jọ. Òpó kẹrin ni ti òwò pẹ̀lú òkèèrè, ìdókòwò, àti ètò báńkì. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ń gba máàkì láti 0 dé 100. Wọ́n á ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n á pín in sí 12, èyí tó jáde ni máàkì orílẹ̀-èdè. Kò sí ẹ̀ka tó wúwo ju òmíràn lọ. Nítorí náà, bí ẹ̀ka kan bá fò sókè ní máàkì 12 gbáko, àpapọ̀ yóò fi 1 péré lé. Ẹni tó bá rí i pé orílẹ̀-èdè kan fi 0.5 gòkè lọ́dún kan, kó rántí pé ó lè jẹ́ ẹ̀ka kan ṣoṣo ló yí padà ní máàkì 6, kì í ṣe pé gbogbo ìlú ti tún ara rẹ̀ ṣe.

Ìnáwó ìjọba ni ká kọ́kọ́ tú palẹ̀, torí òun ni àríyànjiyàn pọ̀ lé lórí jù. Ẹ mú ohun tí ìjọba ná gẹ́gẹ́ bí ìdá nínú GDP, ìyẹn àpapọ̀ iye ohun gbogbo tí orílẹ̀-èdè pèsè lọ́dún. Ẹ fi nọ́ńbà náà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ fi 0.03 sọ èsì rẹ̀ di púpọ̀, kí ẹ wá yọ ọ́ nínú 100. Ìjọba tó ná 25%: 25 lọ́nà 25 jẹ́ 625, 625 lọ́nà 0.03 jẹ́ 18.75, máàkì rẹ̀ di 81.25. Tó bá jẹ́ 15% ló ná, 93.25 ni. Tó bá ná 35%, 63.25. Tó bá ná 45%, ó já sí 39.25. Ẹ wò ó bó ṣe ń ga sí i ni ìyà ń pọ̀ sí i: ìgbésẹ̀ láti 15% sí 25% gba máàkì 12 lọ́wọ́ ìjọba, láti 25% sí 35% gba 18, láti 35% sí 45% gba 24. Nígbà tó bá fi máa dé 58%, òdo ni.

Àléébù tó wà nínú èyí kò kéré. Ìjọba tí kò lágbára láti gba owó-orí, tí iléèwé rẹ̀ ti pa, tí àwọn oníbọn ń gbowó lójú pópó, lè máa ná 10% GDP péré. Máàkì 97 ni ìlànà yìí yóò fún un. Òmìnira kọ́ ló wà níbẹ̀, àìsí ìjọba ni. Heritage fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ nínú àlàyé ìlànà rẹ̀ pé àwọn orílẹ̀-èdè tí ìjọba wọn kò lágbára lè gba máàkì tó ga ju bó ṣe yẹ lọ lórí ẹ̀ka yìí. Ìjẹ́wọ́ náà dára, ṣùgbọ́n kò yí nọ́ńbà padà.

Ẹrù owó-orí ń lo ìlànà 0.03 yẹn kan náà lórí ohun mẹ́ta, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá ìpíndọ́gba wọn: ìpele owó-orí tó ga jù lórí owó tó ń wọlé fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, èyí tó ga jù lórí èrè iléeṣẹ́, àti àpapọ̀ owó-orí gẹ́gẹ́ bí ìdá nínú GDP. Níbi tí wọ́n bá ti jẹ́ 30%, 25% àti 20%, máàkì wọn á jẹ́ 73, 81.25 àti 88. Ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 80.75. Ìpele tó ga jù yìí lè ṣi ènìyàn lọ́nà. Orílẹ̀-èdè tí 30% rẹ̀ kì í kan ẹnikẹ́ni bí kò ṣe olówó ńlá, àti orílẹ̀-èdè tí 30% rẹ̀ ti ń jẹ owó oṣù akọ̀wé kékeré, máàkì kan náà ni Heritage ń fún wọn. Fraser ṣe é dáadáa jù níhìn-ín: ó ń wo iye owó tí ènìyàn gbọ́dọ̀ máa gbà kí ìpele gíga yẹn tó bá a.

Ìlera àpò ìjọba ń wo àlàfo tó wà láàárín owó tó wọlé àti owó tó jáde lọ́dún mẹ́ta, èyí ló gbé 80% nínú máàkì náà. Gbèsè ìjọba gbé 20% tó kù. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ó wà lára ohun tó mú kí Amẹ́ríkà wà ní ipò 25 nínú Heritage ti 2024, tó sì wà ní ipò 5 nínú Fraser ti 2024. Fraser kò ní ẹ̀ka gbèsè tó dá dúró. Ìjọba tó bá ń yá owó ná lọ́dọọdún kò ní rí ìyà rẹ̀ tààrà lọ́dọ̀ Fraser. Lọ́dọ̀ Heritage, ẹ̀ka kan nínú 12 lè fi bẹ́ẹ̀ bàjẹ́ pátápátá.

Lórí òwò pẹ̀lú òkèèrè, wọ́n á mú ìpíndọ́gba owó-orí tí kọ́sítọ́ọ̀mù ń gbà lórí ọjà tó ń wọlé, wọ́n á fi wé 50% tó jẹ́ òkè téńté. Níbi tí ó bá ti jẹ́ 10%, máàkì rẹ̀ jẹ́ 80. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á yọ tó máàkì 20 nítorí àwọn ìdènà tí kì í ṣe owó: òfin tó ka ọjà kan léèwọ̀, ìwé àṣẹ tí kì í tètè jáde, àyẹ̀wò tí kò lópin. Owó kọ́sítọ́ọ̀mù ṣeé ṣírò, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n ń yọ fún ìdènà jẹ́ ìdájọ́ àwọn tó ń ṣe atọ́ka náà. Ẹ̀ka ìdókòwò náà rí bẹ́ẹ̀: wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti 100, wọ́n á máa yọ ọ́ ní díẹ̀díẹ̀ fún òfin kọ̀ọ̀kan tó dí àjèjì lọ́wọ́. Ti báńkì ń rìn ní mẹ́wàá mẹ́wàá: 50, 60, 70. Bí ẹ bá rí i pé orílẹ̀-èdè kan já láti 60 sí 50 lórí báńkì, ìgbésẹ̀ kékeré jù tó wà lórí àtẹ̀gùn yẹn ni, kò sí àárín.

Inú Fraser

Abala márùn-ún ló ní: ìwọ̀n ìjọba, òfin àti ẹ̀tọ́ sí ohun-ìní, owó tó ṣeé fọkàn tán, òmìnira láti bá òkèèrè ṣòwò, àti ìlànà lórí yíyá owó, òṣìṣẹ́ àti okòwò. Láti 0 dé 10 ni máàkì rẹ̀, abala márààrún sì wúwo bákan náà. Ìlànà rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ìlà gbọọrọ: wọ́n á yan òkè àti ìsàlẹ̀, wọ́n á wo ibi tí orílẹ̀-èdè bọ́ sí láàárín wọn. Fún àpẹẹrẹ, ìnáwó tí ìjọba ń ṣe lórí ọjà àti iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìdá nínú gbogbo ohun tí orílẹ̀-èdè jẹ: 40% ni òdo, 6% ni 10. Tó bá jẹ́ 23%, ẹ yọ 23 nínú 40, ó ku 17, ẹ fi 34 pín in, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 10, 5.0 ló jáde. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kálíkulétọ̀ lè tún un ṣe fúnra rẹ̀. Ohun tó wù wá jù nínú iṣẹ́ Fraser nìyẹn: ọ̀pọ̀ nínú nọ́ńbà rẹ̀ ṣeé tọ̀ padà sí orísun.

Àwọn ohun kan wà nínú rẹ̀ tí ẹ kò ní rí gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka lọ́dọ̀ Heritage. Ó ń wọn ìyàtọ̀ tó wà láàárín iye tí ìjọba ń pe owó òkèèrè àti iye tí wọ́n ń tà á ní ọjà bọ̀ǹkẹ́lẹ́: bí kò bá sí ìyàtọ̀, 10 ni, tó bá dé 50% tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, òdo, 20% á fún yín ní 6.0. Ó ń béèrè bóyá òfin gba ará ìlú láyè láti ní àkáǹtì owó òkèèrè. Ó ní ẹ̀ka fún ohun-ìní tó wà lọ́wọ́ ìjọba. Láti ẹ̀dà 2017 ló sì ti ń dín máàkì abala òfin kù fún orílẹ̀-èdè tí òfin rẹ̀ kò fún obìnrin ní ẹ̀tọ́ kan náà pẹ̀lú ọkùnrin láti ní ohun-ìní, láti rìnrìn àjò tàbí láti ṣiṣẹ́. Ó pẹ́ kí àtúnṣe yẹn tó dé, ṣùgbọ́n ó tọ́. Òṣùwọ̀n tó ń pe ìlú ní olómìnira nígbà tí ìdajì àwọn ará ibẹ̀ kò lè fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kò wọn òmìnira.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀wọ́ngógó tí a fi bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ wọn ti hàn gbangba jù. Heritage ń mú ọ̀wọ́ngógó ọdún mẹ́ta: ọdún tó sún mọ́ jù gba ìwọ̀n 0.665, èyí tó ṣáájú rẹ̀ gba 0.245, ẹ̀kẹta gba 0.090. Ká ní ó jẹ́ 8%, 5% àti 3%: 5.32 àti 1.225 àti 0.27 jẹ́ 6.815. Wọ́n á wá nọ́ńbà tó jẹ́ pé tí a bá fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ yóò jẹ́ 6.815, ìyẹn nǹkan bí 2.61, wọ́n á fi 6.333 sọ ọ́ di púpọ̀. Ó di 16.5, wọ́n á yọ ọ́ nínú 100. Máàkì 83.5 ló kù, kí wọ́n tó yọ tó 20 mìíràn bí ìjọba bá ń fi òfin de iye owó ọjà. Fraser ní tirẹ̀ ń wo ọ̀wọ́ngógó ọdún kan ṣoṣo lórí ìlà gbọọrọ, 50% ni òdo.

Bí ọ̀wọ́ngógó bá jẹ́ 2% títí lọ, Heritage á fún un ní 91, Fraser á fún un ní 9.6. Ní 10%, 80 àti 8.0: wọ́n bára mu rẹ́gí. Ní 40%, 60 àti 2.0. Ní 100%, Heritage ṣì ń fún un ní nǹkan bí 37, Fraser ti dé òdo tipẹ́. Heritage kò dé òdo àfi tó bá tó nǹkan bí 250%. Èwo ló sàn jù? Ó wà lọ́wọ́ ohun tí ẹ ń wá. Tí àwọn orílẹ̀-èdè tí ẹ ń fi wéra bá wà láàárín 5% sí 45%, Fraser á fi ìyàtọ̀ wọn hàn kedere. Tí wọ́n bá jẹ́ èyí tí owó wọn ti wó, tí ọ̀kan wà ní 60%, tí èkejì wà ní 200%, òdo ni Fraser yóò kọ fún àwọn méjèèjì lórí ẹ̀ka yẹn. Heritage nìkan ló máa yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ má gbàgbé pé ẹ̀ka kan nínú mẹ́rin ni èyí jẹ́ lábẹ́ abala owó Fraser: bí owó tuntun ṣe ń pọ̀ sí, bí ọ̀wọ́ngógó ṣe ń lọ sókè sódò láàárín ọdún márùn-ún, àti ọ̀rọ̀ àkáǹtì owó òkèèrè ni mẹ́ta yòókù.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣi ènìyàn lọ́nà

Ọdún tí wọ́n kọ sí èèpo ìwé kì í ṣe ọdún tí nọ́ńbà náà ti wá. Ìròyìn Fraser ti 2024 ń sọ nípa 2022. Heritage ti 2024 gbára lé ohun tó ṣẹlẹ̀ láti July 2022 sí June 2023 jù lọ. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ nínú ìròyìn ni kí wọ́n kọ ọ́ pé ìjọba tuntun ló gbé máàkì sókè, nígbà tó jẹ́ pé ìjọba tó lọ ló ni ọdún tí wọ́n wọ̀n.

Èkejì ni àyípadà ìlànà. Ẹ̀ka mẹ́wàá ni Heritage ní títí dé 2016. Ní 2017 ni wọ́n fi ilé-ẹjọ́ àti ìlera àpò ìjọba kún un. Ẹni tó bá fa ìlà kan ṣoṣo láti 1995 dé òní lórí máàkì àpapọ̀ ti so okùn méjì tí kì í ṣe ọ̀kan náà pọ̀. Bí orílẹ̀-èdè kan bá já bọ́ ní 2017, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá gbèsè rẹ̀ tó ti wà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Fraser ń tọ́jú èyí dáadáa jù: bí dátà bá yí padà, wọ́n ń tún ọdún àtẹ̀yìnwá ṣe, wọ́n sì ní abala kan tí wọ́n so ọdún mọ́ ọdún fún ẹni tó fẹ́ wo bí nǹkan ṣe ń lọ láti 1970. Àmọ́ àǹfààní yìí náà ní wàhálà tirẹ̀. Nínú ìròyìn 2023, Síńgápọ̀ borí Hong Kong fún ìgbà àkọ́kọ́. Nínú ìròyìn 2024, Hong Kong tún ti padà sí ipò kìn-ín-ní. Nọ́ńbà tí ẹ kọ sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá lè ti yí padà nínú fáìlì ọdún yìí, fún ọdún kan náà.

Ọ̀rọ̀ Hong Kong lọ́dọ̀ Heritage yàtọ̀ sí èyí. Láti 1995 dé 2019, òun ló ń ṣe kìn-ín-ní lọ́dọọdún. Síńgápọ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní 2020. Ní 2021, Heritage yọ Hong Kong àti Macau kúrò nínú àtẹ pátápátá, pé Beijing, ìyẹn ìjọba Ṣáínà, ló ń darí ìlànà ọrọ̀-ajé wọn. Ìpinnu nìyẹn, kì í ṣe èsì ìṣirò. Fraser ṣì ń wọn Hong Kong lọ́tọ̀. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá béèrè pé ta ló wà ní ipò kìn-ín-ní láyé, ìdáhùn tó péye gbọ́dọ̀ ní orúkọ àjọ àti ọdún ẹ̀dà nínú.

Síńgápọ̀ alára yẹ ní wíwò fínnífínní. Ìjọba ibẹ̀ ló ni nǹkan bí 90% ilẹ̀ orílẹ̀-èdè náà, ilé tí àjọ ilégbèé ìjọba kọ́ sì ni nǹkan bí 80% àwọn ará ibẹ̀ ń gbé. Heritage kò ní ẹ̀ka kankan tó dá dúró fún ohun-ìní tó wà lọ́wọ́ ìjọba, nítorí náà ohun ńlá yìí kò fi bẹ́ẹ̀ hàn nínú máàkì 83.5 tó gbà ní 2024. Fraser ní ẹ̀ka yẹn, ṣùgbọ́n ẹ̀ka kan láàárín ọ̀pọ̀ ni, àwọn yòókù bò ó mọ́lẹ̀. Dẹ́ńmákì ni ìdàkejì rẹ̀. Ìpele owó-orí tó ga jù níbẹ̀ nígbà ẹ̀dà 2024 sún mọ́ 56%, èyí tí ìlànà 0.03 yóò fún ní máàkì 6 nínú 100. Síbẹ̀ ó wà láàárín mẹ́wàá àkọ́kọ́ lọ́dọ̀ Heritage ní 2023 àti 2024, torí òfin rẹ̀ múlẹ̀, ilé-ẹjọ́ rẹ̀ ṣeé gbára lé, ọjà rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀.

Orísun dátà ni ewu kẹta, òun la sì rò pé wọn kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ tó. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àtẹ méjèèjì ń mu nínú kànga kan náà: Doing Business ti Báńkì Àgbáyé, tó ń ka ọjọ́ àti owó tó ń gbà láti forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀, láti kó ọjà wọlé, láti gba ẹjọ́ àdéhùn parí. Ní September 2021, Báńkì Àgbáyé pa á tì lẹ́yìn tí wọ́n rí i pé wọ́n ti fọwọ́ kan dátà ẹ̀dà 2018 àti 2020. Ṣáínà, Sàúdí Arábíà, United Arab Emirates àti Azerbaijan ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Àwọn tó ń ṣe àtẹ méjèèjì ní láti wá orísun mìíràn. B-READY tó rọ́pò rẹ̀ jáde ní October 2024 pẹ̀lú orílẹ̀-èdè 50 péré. Ẹni tó bá ń fi máàkì okòwò ti 2019 wé ti 2024 gbọ́dọ̀ mọ̀ pé omi inú ìkòkò náà ti yàtọ̀. Kódà nígbà tó wà láàyè, iléeṣẹ́ àwòṣe kan nínú ìlú okòwò tó tóbi jù ni Doing Business ń wò. Kò sọ nǹkan kan nípa oníṣòwò tó wà ní abúlé.

Lórí iye orílẹ̀-èdè, Heritage ti 2024 sọ̀rọ̀ lórí 184, ó sì fún 176 ní máàkì. Mẹ́jọ tó kù, bíi Síríà, Yemen àti Ukraine, ogun tàbí àìsí dátà ni kò jẹ́ kí wọ́n ní. Fraser ní 165. Kòríà Àríwá àti Kúbà kò sí nínú ti Fraser, torí dátà wọn kò tó. Heritage gbé wọn sí ìsàlẹ̀, Kòríà Àríwá gba 2.9. Ìdí nìyí tí Fẹnẹsuẹ́là fi gbẹ̀yìn lọ́dọ̀ Fraser, tí kò sì gbẹ̀yìn lọ́dọ̀ Heritage. Kì í ṣe pé ó sàn jù níbì kan.

Orúkọ tí wọ́n ń fún àwọn ìpele náà tún yàtọ̀. Heritage ní ààlà tí kì í sún: 80 sókè ni olómìnira, 70 sí 79.9 ni olómìnira púpọ̀, 60 sí 69.9 ni ti ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, 50 sí 59.9 ni èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ lómìnira, ohun tó bá wà lábẹ́ 50 wà nínú ìdè. Fraser ń pín àtẹ sí ìdá mẹ́rin, nǹkan bí 41 ní ìdá kọ̀ọ̀kan. Orílẹ̀-èdè kan lè bọ́ sí ìdá kejì láìyí òfin kan padà, torí pé ẹlòmíràn ló gòkè.

Bí a ṣe ń fi orílẹ̀-èdè méjì wéra láìṣìnà

Ẹ gba fáìlì tuntun jù, kí ẹ sì mú gbogbo ọdún tí ẹ nílò láti inú fáìlì kan ṣoṣo yẹn. Ẹ má ṣe mú 2015 láti inú ìwé àtijọ́, kí ẹ tún mú 2022 láti inú tuntun. Ẹ kọ ọdún dátà sílẹ̀, kì í ṣe ọdún ìwé. Ẹ fi ipò sílẹ̀, máàkì ni kí ẹ mú. Láàárín àtẹ, níbi tí orílẹ̀-èdè ti fún pọ̀, ìyàtọ̀ máàkì 1 lè jẹ́ ìyàtọ̀ ipò mélòó kan. Lókè àti nísàlẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ tẹ́ àwọn ẹ̀ka sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ wá ṣe ìṣirò náà lẹ́ẹ̀kan sí i láìka ìwọ̀n ìjọba. Ká mú àpẹẹrẹ tí a fọwọ́ ara wa ṣe. Orílẹ̀-èdè A ní 85 lórí òfin, 40 lórí ìwọ̀n ìjọba, 80 lórí ìlànà, 85 lórí ọjà tó ṣí sílẹ̀: ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 72.5. Orílẹ̀-èdè B ní 50, 90, 70 àti 70: ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 70. Lójú ẹni tó wo àpapọ̀, ìbejì ni wọ́n. Ẹ yọ ìwọ̀n ìjọba kúrò: A di 83.3, B di 63.3. Ìyàtọ̀ 2.5 ti di 20. Oníṣòwò tó ń ronú bóyá ilé-ẹjọ́ máa dáàbò bo àdéhùn rẹ̀ yóò rí i pé ibì kan náà kọ́ ni ó fẹ́ kó owó rẹ̀ lọ. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni iṣẹ́ yìí gbà nínú Excel, kò sì sí ohun mìíràn tí ẹ lè fi ìṣẹ́jú márùn-ún ṣe lórí àtẹ yìí tó wúlò tó o.

Ẹ má ṣe sọ Fraser di ìlọ́po mẹ́wàá kí ẹ lè fi wé Heritage. 7.2 kì í ṣe 72. A ti rí i lórí ọ̀wọ́ngógó nìkan bí 2.0 ṣe lè jẹ́ 60.

Èwo ni ká mú?

Fún ìwádìí tó gùn ju ọdún mẹ́wàá lọ, Fraser, láìsí àníàní. Ìṣirò rẹ̀ ṣeé tún ṣe, ó ń tún àtẹ̀yìnwá ṣe, ìdájọ́ àwọn tó ń ṣe é kò sì wọ inú rẹ̀ tó ti Heritage. Fún ẹni tó fẹ́ mọ bí orílẹ̀-èdè kan ṣe rí láìpẹ́ yìí, tó fẹ́ àlàyé kúkurú pẹ̀lú nọ́ńbà, tàbí tó ń wá orílẹ̀-èdè tí dátà rẹ̀ kò pọ̀, Heritage ló yá jù, ojú ìkànnì rẹ̀ sì rọrùn láti kà. Bí ọ̀rọ̀ gbèsè àti àlàfo ìṣúná bá jẹ yín lógún, Heritage nìkan ló ní i. Bí ó bá jẹ́ ọjà bọ̀ǹkẹ́lẹ́ owó òkèèrè tàbí ẹ̀tọ́ obìnrin, Fraser ni.

Ohun kan wà tí a fẹ́ kí àwọn méjèèjì ṣe, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò tíì ṣe: kí wọ́n tẹ ìwọ̀n àṣìṣe, ìyẹn bí nọ́ńbà náà ṣe lè fi sókè tàbí sódò tó, sí ẹ̀gbẹ́ máàkì kọ̀ọ̀kan. Àtẹ Báńkì Àgbáyé lórí ìṣàkóso, tí àwọn méjèèjì ń yá dátà láti inú rẹ̀ fún ọ̀rọ̀ òfin àti ìwà ìbàjẹ́, ń fi ìwọ̀n àṣìṣe tirẹ̀ hàn fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí nọ́ńbà yẹn bá dé inú Heritage tàbí Fraser, ìwọ̀n àṣìṣe rẹ̀ kì í bá a wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni Síńgápọ̀ ṣe ní 83.5 nínú Heritage ti 2024 tí Swítsálándì ní 83.0, tí wọ́n sì kọ ọ̀kan sí ipò kìn-ín-ní, èkejì sí ipò kejì, láìsí ohun kankan lójú ìwé náà tó lè sọ fún òǹkàwé bóyá 0.5 yẹn tó ohun tí à ń pè ní ìyàtọ̀.